Fíìmù ẹranko ìgbẹ́ tí bàbá mi rà fún wa ní 1986: ṣé kí àwọn ọmọ mi náà máa wò ó?

Ọmọ Atẹ̀wé (Bódìjà) kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Àìkú, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ní ọdún 1986, bàbá mi ra kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan bọ̀ láti Dùgbẹ̀. Ẹnì kan ti fi bírò kọ "Ẹranko ilẹ̀ òtútù" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n White Wilderness ni orúkọ fíìmù náà gan-an. Ilé-iṣẹ́ Disney ló gbé e jáde ní 1958, James Algar ló darí rẹ̀, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar láàárín àwọn fíìmù tó ń sọ ìtàn òtítọ́. Àwa ọmọ mẹ́rin la máa ń jókòó lórí ẹní lálẹ́ Sátidé tí iná bá wà, a sì wò ó débi pé téèpù inú rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì, tí bàbá mi fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Apá kan wà níbẹ̀ tí kò kúrò lójú mi rí. Àwọn eku kéékèèké ilẹ̀ yìnyín, àwọn tí wọ́n ń pè ní lemming, ya jáde bí ìjàlọ, wọ́n dé etí òkè gíga kan, wọ́n sì ń bọ́ sínú omi níkọ̀ọ̀kan títí omi fi gbé wọn lọ. Asọ̀tàn fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún wa pé agbára kan tí wọn kò lè kọ̀ fún ló ń darí wọn. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo sì ti fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìpàdé ẹbí nígbà tí mo ń bá àwọn àbúrò mi wí pé kí wọ́n má ṣe tẹ̀lé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ibi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo tún rí fíìmù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì pe àwọn ọmọ mi méjèèjì jókòó. Bí a ti dé ibi àwọn eku yẹn, àgbà nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dìde lórí àga, ó lọ dúró nítòsí ojú amóhùnmáwòrán, ó ní, "Dádì, ta ló ń tì wọ́n?" Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń yọ̀ ṣubú ni, kì í ṣe pé wọ́n ń fò.

Mo wá ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ lóru ọjọ́ yẹn, mo sì rí i pé òtítọ́ ni ọmọ náà rí. Ní 1982, ètò ìwádìí kan tó ń jẹ́ The Fifth Estate, ti ilé-iṣẹ́ CBC ní Kánádà, tú àṣírí náà síta. Ìpínlẹ̀ Alberta ni wọ́n ti ya àwòrán yẹn, èyí tí kì í ṣe ilé irú eku tí wọ́n lò yẹn. Ọwọ́ àwọn ọmọdé Inuit, ẹ̀yà kan tó ń gbé ilẹ̀ òtútù, ní ìpínlẹ̀ Manitoba ni wọ́n ti rà wọ́n wá. Wọ́n kó wọn sórí pèpéle ribiti kan tó ń yí, tí wọ́n fi yìnyín bò, lẹ́yìn náà ni wọ́n dà wọ́n sínú omi. Omi náà kì í sì í ṣe òkun. Odò Bow ni, ní Alberta níbẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé, kí ni kí n ṣe sí fíìmù yìí? Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá mi ti lọ, ohùn asọ̀tàn yẹn sì máa ń mú mi gbọ́ ìró ìṣáná tó máa ń ṣá sí sìgá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á mọ́ láti jókòó ti ọmọ mi, kí n sì jẹ́ kí ó gba irọ́ yẹn mọ́ra bí mo ti gbà á.

Ìyá Ìbejì (Ṣáńgo) fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o, bàbá. Ìbéèrè ọmọ yín yẹn wọ̀ mí lára gidigidi.

Èmi kò wo fíìmù náà rí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí irú rẹ̀ ṣe sí ojú tí a fi ń wo ẹranko. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà tí àwọn olùkọ́ wa kó wa lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Ọjọ́ pẹ́ tí ọgbà yẹn ti wà: láti 1948 ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko ti ń kó ẹranko jọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó tó wá di odidi ọgbà ẹranko ní 1974. Nítorí àwọn ìnàkí méjì olókìkí nì, Aruna àti Imade, ni gbogbo wa ṣe ń sáré. Ohun tí a ti wò lórí tẹlifíṣọ̀n ti jẹ́ kí a máa retí pé ìnàkí yóò dìde, yóò fi ọwọ́ lu àyà, yóò sì bú ramúramù.

Èyí tí mo rí kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó mú igi ewé kan, ó ń bó èèpo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń fi eyín bó ìrèké, ó jẹ inú rẹ̀, ó fi èèpo sí apá kan, ó sì ń wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tó ṣe ní gbogbo àkókò tí a fi dúró kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ń pariwo, àwọn kan ń ju ẹ̀pà lù ú. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún màmá mi pé ara ìnàkí náà kò yá. Ara rẹ̀ yá. Fíìmù ló ti kọ́ mi pé ẹranko tí kò bá jà, tí kò bá sá, tí kò sì kú, kò ṣe nǹkan kan.

Nítorí náà, irọ́ àwọn eku yẹn nìkan kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó bí irọ́ náà ni kí ẹ bá àwọn ọmọ sọ.

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá fèsì pé:

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Bí ẹnì kan bá pe òde, tí ogún ènìyàn péré jókòó nínú gbọ̀ngàn, tí ó sì fẹ́ kí ibẹ̀ kún nínú fídíò, mi ò ní jẹ́ kí kámẹ́rà fẹjú rárá. N ó sún mọ́ gèlè, n ó mú èjìká pẹ̀lú ọwọ́ tó ń ná owó, n ó jẹ́ kí àwọn kan náà jó kọjá níwájú mi lẹ́ẹ̀mẹta láti ọ̀tún àti láti òsì, nígbà tí mo bá sì gé e pọ̀, tí mo fi ìlù sí i, ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò ní gbogbo Ìbàdàn ló wá. Ohun tí wọ́n fi àwọn eku yẹn ṣe nìyẹn. Iye wọn kò tó nǹkan. Pèpéle tó ń yí yẹn ló mú kí eku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá tún padà wá bí ẹni tuntun, kámẹ́rà tó wà nísàlẹ̀, tó sún mọ́ wọn, ló sì pa òfìfo tó wà lẹ́yìn wọn mọ́. Ìró ẹsẹ̀ wọn lórí yìnyín ńkọ́? Ẹni tó bá fi awò gígùn ya ẹranko láti ọ̀nà jíjìn kò lè gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n ti máa ń ṣe irú ìró bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya àwòrán tán.

Ọmọ béárì funfun tó ń yí gbiri láti orí òkè yìnyín nínú fíìmù kan náà, tí gbogbo ọmọdé fẹ́ràn, inú ilé ìyàwòrán kan ní Calgary ni wọ́n ti ṣe é. Èyí náà wà nínú ohun tí CBC tú síta.

Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ti ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo fíìmù náà ni ayédèrú. Àwọn kan gbé ẹ̀rọ tó wúwo lọ sí ibi tí òtútù ti ń mú kí fíìmù gan-gbẹ bí ìpápánu, wọ́n sì dúró de ẹranko. Bí mo bá ń wo ibi àwọn béárì àti àwọn ìkookò, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ tó di kámẹ́rà yẹn mú. Èyí ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn eku náà burú lójú mi, nítorí irọ́ kan náà ti mú kí n máa ṣiyè méjì sí iṣẹ́ àwọn tó jìyà.

Akéwì Ọjẹ́ fèsì pé:

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n mo rò pé a ti ń le jù. Ìjàpá ti gun ẹ̀yìn erin wọ ìlú nínú àlọ́, kò sì sí ẹni tó bi ìyá àgbà pé níbo ló ti rí i. Ẹranko ni gbogbo ayé fi ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Bí fíìmù ọdún 1958 bá fi eku kọ́ wa pé kí a má ṣe tẹ̀lé ọ̀pọ̀ lọ sínú ìparun, tí bàbá sì fi kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀, èrè wo ló tún kù tí a ń wá?

Ọmọ Atẹ̀wé fèsì pé:

Akéwì, mo dúpẹ́, mo sì ti ro ọ̀rọ̀ yín dáadáa kí n tó dáhùn. Kí ìyá àgbà tó ṣí ẹnu, ó ti kọ́kọ́ ké "Àlọ́ o!", àwa náà sì ti dáhùn "Àlọ̀!" Láti ìgbà náà lọ, a ti mọ inú ilé tí a wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin kì í jáde síta lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ó lọ máa bá ìjàpá sọ̀rọ̀. Fíìmù yìí kò pe àlọ́. True-Life Adventures ni orúkọ ọ̀wọ́ fíìmù tí ó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìrìn-àjò nínú ìgbé ayé tòótọ́. Òtítọ́ ni wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ohun kejì ni pé ìjàpá inú àlọ́ kì í kú. Àwọn eku yẹn kú. Ẹnì kan gbé wọn láti ìlú mìíràn wá, ó sì dà wọ́n sínú odò kí ìtàn rẹ̀ lè dùn.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Òkè-Àdó) fèsì pé:

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fi ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí jẹun fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, inú mi sì bàjẹ́ láti jẹ́wọ́ pé èmi náà ti sọ ìtàn eku yẹn ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bí ó ti yẹ.

Lemming kì í para rẹ̀. Eku kékeré onírun ni, tí kì í sùn àsùnpẹ́ nígbà òtútù bí àwọn ẹranko kan ní ilẹ̀ náà. Abẹ́ yìnyín ló ń gbẹ́ ọ̀nà sí, ibẹ̀ ló ti ń jẹ koríko àti ewédò, ibẹ̀ náà ló sì ti lè bímọ. Oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Nítorí èyí, ní ọ̀pọ̀ ibi, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, iye wọn máa ń gbèrú lọ́nà ìyanu, lẹ́yìn náà ni yóò já wálẹ̀ lójijì. Àwọn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Greenland, tí wọ́n tẹ àbájáde wọn jáde ní 2003, fi hàn pé àwọn ẹranko àti ẹyẹ mẹ́rin tó ń pa wọ́n jẹ níbẹ̀, tí òwìwí funfun àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ilẹ̀ yìnyín wà nínú wọn, lè fa lílọ sókè sódò yẹn láìsí pé eku kankan lọ bọ́ sómi.

Òtítọ́ kékeré tó wà nídìí irọ́ náà ni pé, bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ṣí kúrò lọ wá ibi tí oúnjẹ wà. Wọ́n mọ omi wẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé odò, wọn a wọ̀ ọ́ láti sọdá, àwọn mìíràn a sì rì. Ẹni tó ń sọdá odò nítorí ebi ni a wá sọ di ẹni tó fẹ́ kú.

Disney kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù kọ ọ́ sínú ìwé pé láti ojú ọ̀run ni eku yìí ti ń rọ̀ bí òjò, nítorí wọn kò mọ ibi tí iye tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Àìmọ̀ nìyẹn, a sì lè dárí rẹ̀ jì wọ́n. Ẹni tó bá ra eku wá, tó tún dà á sómi, mọ ohun tí ó ń ṣe.

Àgbẹ̀ Ìdó fèsì pé:

Ọmọ ọmọ ọdẹ ni mí, oko mi sì wà ní ọ̀nà Èrúwà títí di òní. Ohun tí Olùkọ́ wí nípa bíbímọ yẹn kò ṣe àjèjì sí wa, nítorí bí a bá ń gbàdúrà fún ìyàwó tuntun, a máa ń ní kí ó bí bí eku ẹdá. Àwọn baba wa ti rí i pé ọdún kan ń bẹ tí ẹdá yóò bo oko àgbàdo, tí a ó sì fẹ́rẹ̀ má rí ẹyọ kan ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mú òkété wá síbí, nítorí ó kan àwa náà. Ta ni nínú wa tí kò tíì sọ ọ́ rí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu? A ń fi pọ́n ọmọ tó ń tọ́jú òbí lé. Mo ti wa ihò òkété láti kékeré, mo ti bá ìyá pẹ̀lú ọmọ nínú ihò, n kò sì rí èyí tó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀ rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi bàbá bàbá mi léèrè, ìyẹn tó ti dọdẹ láti Ìdó títí dé ìhà Ìbàràpá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òwe ni mo pa, n kò ní mo rí i." Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó rí fún mi: pé òkété ní àpò méjì lẹ́rẹ̀kẹ́, tó fi ń di èkùrọ́ wálé títí orí rẹ̀ yóò fi tóbi ju ara rẹ̀ lọ, àti pé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, nítorí náà ẹni tó bá dúró síbi ẹyọ kan yóò dúró títí.

Ohun tí mo ń wò nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Bàbá mi àgbà mọ ìlà tó wà láàárín òwe àti ohun tí ojú rí. Kò fi ipá mú òkété kan kí ó ti ẹnu rẹ̀ bọ ọmú ọmọ, kí ó sì pe àwọn ará ìlú wá wò ó kí òwe rẹ̀ lè dúró. Àwọn tó ṣe fíìmù yẹn gbọ́ òwe nípa lemming, wọ́n wá ń wá ẹ̀rí, nígbà tí wọn kò sì rí i nínú igbó, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é.

Ọmọ Atẹ̀wé, bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kó àwọn ọmọ wá sí oko mi ní Sátidé. Òkété kì í jáde lọ́sàn-án, ẹ dé nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. N kò ṣèlérí pé ẹ ó rí i o.

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá fèsì pé:

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, kí ó má baà dà bí ẹni pé àwọn ará àtijọ́ nìkan ni. Ní 2011, BBC fi àwọn ọmọ béárì funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí hàn nínú ètò Frozen Planet, ó sì wá hàn pé inú ọgbà ẹranko kan ní Netherlands ni wọ́n ti ya wọ́n, láàárín àwòrán ilẹ̀ òtútù gidi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú. Èmi kò fi wọ́n wé ti 1958, nítorí ẹni tó bá wọ ihò tí béárì abiyamọ wà lè pa á lára tàbí kí òun fúnra rẹ̀ má bọ̀, àti pé wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe yà á sórí ojú-òpó wọn. Ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí asọ̀tàn kò fi lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ọ́ nínú ètò náà gan-an. Gbólóhùn kan kì í ba àwòrán jẹ́.

Akéwì Ọjẹ́ fèsì pé:

Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà yẹn, "Òwe ni mo pa, n kò ní mo rí i," ti dá mi lóhùn. Mo gbà.

Ìyá Ìbejì fèsì pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ju kásẹ́ẹ̀tì bàbá yín nù.

Ọmọ Atẹ̀wé fèsì pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A lọ sí Ìdó ní Sátidé, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Kí a tó lọ, mo tún gbé fíìmù náà sí i fún àwọn ọmọ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí a dé ibi àwọn eku, mo pa ohùn asọ̀tàn, mo sì ṣàlàyé pèpéle tó ń yí fún wọn. Mo fi ìdérí ìkòkò àti ẹ̀wà mẹ́fà ṣe é lórí tábìlì, àgbà sì fi fóònù mi ya á láti ìsàlẹ̀. Àwa fúnra wa rí i bí ẹ̀wà mẹ́fà ṣe di ogunlọ́gọ̀. Àbúrò rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni lọ yọ àwọn eku náà nínú omi lẹ́yìn tí wọ́n pa kámẹ́rà. N kò mọ ohun tí mo lè sọ, mo kàn gbé e sórí itan mi.

Ní oko, àgbẹ̀ wa fi ihò mẹ́ta hàn wá lẹ́bàá ọ̀pẹ kan, èèpo èkùrọ́ tútù wà lẹ́nu ọ̀kan. A jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì, a kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀fọn jẹ wá dáadáa. Ilẹ̀ ti ṣú débi pé n kò rí àtẹ́lẹwọ́ ara mi mọ́ nígbà tí nǹkan kan mira lẹ́nu ihò kejì, tí kì í ṣe ibi tí èèpo wà, ó dúró díẹ̀, ó sì padà wọlé. Àgbẹ̀ ní òkété ni. Nínú ọkọ̀, bí a ti ń bọ̀, mo sọ pé n ó kọ ọ́ síbí pé a rí òkété. Ọmọ mi ní kí n má kọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ pé ihò imú àti irun ẹnu rẹ̀ nìkan ni òun rí, àti pé kò gbé èkùrọ́ kankan dání.